Ìgbàgbé Là Ń Fi ₦500 Rà Lójú Ọ̀nà

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan ní sáà tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ ní Owódé, nílùú Ọ̀yọ́, mò ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Dírẹ́bà wa kò de bẹ́líìtì. Kí a tó jáde nílùú, fóònù rẹ̀ dún, ó gbé e sétí, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ títí a fi sún mọ́ Odò Ọbà. Eré tó ń sá, àfi bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lẹ́ẹ̀mẹta ni àwọn aláṣọ ìjọba dá wa dúró. Lẹ́ẹ̀mẹta náà ni dírẹ́bà na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé: ₦500, ₦500, ₦500. Níbi kẹta, ẹni tó dá wa dúró fajú ro díẹ̀, ó ní òun máa kọ ìwé ẹ̀sùn fún un. Ìyá kan tó gbé àpò ẹlùbọ́ lé ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ figbe ta: "Ẹ bá wa fún wọn, ẹ jẹ́ á máa lọ!" Gbogbo ọkọ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. Èmi náà gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ní ìdánwò ní Mọ́ńdè, mo fẹ́ délé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé kí gan-an ni ₦1,500 yẹn rà. Ọ̀pọ̀ nínú yín á ní àkókò ló rà. Àwọn mìíràn á ní àlàáfíà ni. Irọ́ ni. Ìgbàgbé ló rà. Dírẹ́bà san owó kí ẹnikẹ́ni má ṣe rántí ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà, àwa tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ sì bá a bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tà á fún un. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde jà lé lórí lónìí nìyí. À ń pariwo láísẹ́ǹsì, láísẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ìwakọ̀ tó yẹ kó wà lẹ́yìn láísẹ́ǹsì náà, kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀. Láísẹ́ǹsì tí kò ní àkọsílẹ̀ lẹ́yìn, fọ́tò lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó

Àwọn kan rò pé owó ìtanràn nìkan ni òfin mọ̀. Rárá o. Òfin tó gbé àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ró, èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2007, to ẹ̀ṣẹ̀ ojú pópó lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní owó tirẹ̀, ó sì ní pọ́ìntì tó yẹ kó wọ orúkọ ẹni tó ṣẹ̀. Àìde bẹ́líìtì jẹ́ ₦2,000 àti pọ́ìntì 2. Eré àsápajúdé jẹ́ ₦3,000 àti pọ́ìntì 3. Fóònù lórí ìjókòó dírẹ́bà jẹ́ ₦4,000 àti pọ́ìntì 4. Ẹni tó ń wakọ̀ láìní láísẹ́ǹsì tó péye á san ₦10,000, á sì gba pọ́ìntì 10. Ìwàkuwà tó lè ṣekú pani jẹ́ ₦50,000 àti pọ́ìntì 10.

Pọ́ìntì yìí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Bí tẹni bá wọ 10 sí 14, wọ́n á kì í nílọ̀. Bó bá wọ 15 sí 20, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bó bá di 21 sókè, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wá wo dírẹ́bà wa ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Bẹ́líìtì, 2. Eré, 3. Fóònù, 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ pọ́ìntì 9. Ìyẹn ní lílọ nìkan. Ọ̀kan péré ló kù kó gba ìkìlọ̀. Bó bá wakọ̀ bẹ́ẹ̀ padà sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà, ó di 18, láísẹ́ǹsì rẹ̀ yẹ kó sinmi. Bó bá tún gbé èrò lẹ́ẹ̀kẹta, ó di 27, kò yẹ kó sí lójú ọ̀nà mọ́. Ìrìn mẹ́ta, kí oòrùn tó wọ̀! Owó ìtanràn ìrìn kan ṣoṣo sì jẹ́ ₦9,000. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó san ₦1,500, orúkọ rẹ̀ sì mọ́ bí aṣọ àlà. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ní Sátidé, ẹni tí kò ṣẹ̀ rí ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wọkọ̀ rẹ̀ ní Sátidé, ta ni á sọ fún yín?

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Dírẹ́bà ti gbàgbé. Aláṣọ ìjọba ti gbàgbé. Ta ló ń kó o? Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń gba àwọn tí wọ́n gbé wá láti ojú ọ̀nà ní ilé ìwòsàn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí.

Ọdún méjì sẹ́yìn, ọkọ̀ gbé ọmọ kíláàsì wa kan, kò gbé e délé. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwa mẹ́ta lọ sí pàákì tó ti wọkọ̀, a fẹ́ mọ̀ bóyá dírẹ́bà yẹn ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ìnagijẹ rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ irú ọtí tó ń mu. Wọ́n mọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tó ń tẹ̀ lé. Bóyá ó ti pààyàn rí, bóyá wọ́n ti gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀ rí, bóyá ó tiẹ̀ ní láísẹ́ǹsì, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹnì kan níbẹ̀ wò wá tàánú-tàánú, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, àmúwá Ọlọ́run ni." Ọlọ́run kọ́ ló ń gba ₦500 lójú ọ̀nà.

Èmi náà kò mọ́

Kí ẹnikẹ́ni tó ní mò ń fi ìka bíńtín tọ́ka sí dírẹ́bà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Láísẹ́ǹsì wà lápò mi. Mo gbà á nígbà tí mo wà ní ọdún kejì. Ọ̀nà tó yẹ kéèyàn gbà kò fara sin. Wàá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí ìjọba mọ̀, wàá gba ìwé ẹ̀rí. Wàá forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú nọ́ńbà NIN rẹ. Àwọn VIO á dán ọ wò. Wàá sanwó, wọ́n á ya fọ́tò rẹ, wọ́n á gba ìtẹ̀ka rẹ. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, owó tí ìjọba fọwọ́ sí fún láísẹ́ǹsì ọkọ̀ jẹ́ ₦15,000 fún ọdún 3, àti ₦21,000 fún ọdún 5.

Èmi kò gba ọ̀nà yìí. Mo fún àgẹ́ńtì kan lówó tó ju ohun tí ìjọba sọ lọ dáadáa. Ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò mi nìkan ni mo débẹ̀. Kò sẹ́ni tó dán mi wò. Ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ wà nínú fáìlì mi, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ náà. Nígbà náà, mi ò lè fi ọkọ̀ sẹ́yìn kúrò nínú ọgbà bàbá mi láì gbá ìkòkò òdòdó. Mo fi káàdì náà ránṣẹ́ sí orí WhatsApp, àwọn ọ̀rẹ́ mi bá mi yọ̀. "Dírẹ́bà àgbà!" Mélòó nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí ni ìtàn yín yàtọ̀ sí tèmi?

Ohun tó yẹ ká rí nìyí. Àkọsílẹ̀ ìwakọ̀ mi ti dìbàjẹ́ láti ojú ewé àkọ́kọ́. Irọ́ ni wọ́n fi ṣí i. Ẹni tó fi irọ́ wọlé, tó sì ń fi ₦500 pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ìwé rẹ̀ á mọ́ títí ayé. Dírẹ́bà tó dáńgájíá tó ti wakọ̀ fún ogún ọdún láì fara kan ẹnikẹ́ni, ìwé tirẹ̀ náà mọ́. Báwo la ṣe fẹ́ mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì? A kò lè mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nígbà tí a bá ń ra ìgbàgbé fún àwọn oníwàkuwà, àwọn dírẹ́bà gidi là ń jí nǹkan wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rìn jáde, ẹ bá wa sọ ọ́

Ẹ̀gbọ́n kan tó jáde ṣáájú wa, tó wà ní Manchester báyìí, ló la ojú mi. Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 péré níbẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ní kó wá ṣe ìdánwò bí ọmọ tuntun, nítorí Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Bìrìtìkó ń bá pààrọ̀ láísẹ́ǹsì. Ó bínú. Ó ní òun ti wakọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin àìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ìwé wo ló fẹ́ fi hàn wọ́n? Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀?

Nígbà tó yege, ó ṣí ojú ewé DVLA, àjọ tó ń tọ́jú láísẹ́ǹsì wọn, lórí fóònù rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ó rí àkọsílẹ̀ ara rẹ̀: irú ọkọ̀ tó lè wà, ọjọ́ tí láísẹ́ǹsì á parí, iye pọ́ìntì tó wà lórí rẹ̀. Bó bá fẹ́ háyà ọkọ̀, á gba kóòdù kan tí á ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 21, á fún ẹni tó fẹ́ háyà ọkọ̀ fún un, onítọ̀hún á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Níbẹ̀, ẹni tó bá kó pọ́ìntì 12 jọ láàárín ọdún 3, ilé ẹjọ́ lè fòfin de ìwakọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege, bó bá kó 6 jọ kí ọdún 2 tó pé, láísẹ́ǹsì rẹ̀ lọ nìyẹn. Ọdún 4 ni ọ̀pọ̀ pọ́ìntì fi ń wà lórí ìwé ẹni, àwọn mìíràn ń lo ọdún 11. Ó ní bí òun bá ti rí kámẹ́rà ojú ọ̀nà, ẹsẹ̀ òun á fúyẹ́ lórí eré. Ẹ kíyè sí i, ẹni kan náà tó ń sá eré láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin ni o. Ìwà rẹ̀ kò yí padà torí pé òtútù mú un. Wọ́n ń rántí níbẹ̀ ni.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìwakọ̀ tirẹ̀, èèyàn sì lè san owó díẹ̀ kó gba ẹ̀dà tara rẹ̀. Òun ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò máa ń wò kó tó dá iye lé ọ. Òun náà ni ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ ọkọ̀ máa wò. Ní Ontario ní Kánádà, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ka ìrírí tó ju ọdún kan lọ fún òun gbọ́dọ̀ mú ìwé ìjẹ́rìí wá láti ibi tó ti wakọ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tẹ́ ẹ ń gbọ́ "japa" lójoojúmọ́, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ́tò ni mò ń sọ. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á bi yín pé irú awakọ̀ wo lẹ jẹ́ nílé. Káàdì nìkan kò lè dáhùn.

Ilẹ̀ wa ni nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kì í ṣe òyìnbó ló yẹ kó wá kọ́ wa. Ní ọdún 1977, nígbà tí Ọ̀ṣun òde òní ṣì wà lára ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìpínlẹ̀ yìí ló dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, tó ń kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, wà lára àwọn tó jà fún un, nítorí ọ̀nà tó ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ wọn. Ní 1983, ìjọba àpapọ̀ tú ẹgbẹ́ náà ká. Ní oṣù kejì ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ kan náà fi òfin dá FRSC sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, Ṣóyínká sì ni alága àkọ́kọ́.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ikú akẹ́kọ̀ọ́ wà lára ohun tó bí àjọ yìí. Ní ìpínlẹ̀ tiwa ni wọ́n ti gbìn ín. Tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ bá wá di ẹni tó ń kígbe "ẹ bá wa fún wọn, ẹ jẹ́ á máa lọ", ọmọ ta la wá jẹ́?

Àwọn tó máa bá mi jiyàn

Àwọn kan á sọ pé kì í ṣe dírẹ́bà ló ń pani, ọ̀nà ni. Wọ́n á tọ́ka sí ọ̀nà àtijọ́ tóóró láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí tírélà tó ń bọ̀ láti òkè ọya àti Máíkírà ti jọ ń du ojú ibi kan. Wọ́n á rántí ọ̀nà onílà méjì tí wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà tí púpọ̀ nínú wa kò tíì mọ̀wé. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ ọ̀nà búburú ló tún yẹ kó jẹ́ kí ìwà dírẹ́bà ṣe pàtàkì sí i. Ọ̀nà tóóró kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó ya tírélà sílẹ̀ lórí òkè. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ tí ọ̀nà tuntun bá parí pátápátá, eré ló máa pọ̀ sí i lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bá ìjọba jà lórí ọ̀nà, ká sì bá ara wa jà lórí ìwà.

Àwọn mìíràn á sọ pé ìyà ló máa jẹ àwọn tálákà. Dírẹ́bà kò rí jẹ, ẹ tún fẹ́ gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, nítorí bàbá mi àgbà wakọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń wọ ọkọ̀ pẹ̀lú dírẹ́bà náà? Ọlọ́rọ̀ ha ni? Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ni. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹ̀gúnjẹ kò dá ẹni tó ń wakọ̀ dáadáa sí. Bó de bẹ́líìtì, bó sá eré níwọ̀nba, ₦500 náà ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló fẹ́ jẹ́ kó máa ṣe dáadáa lọ? Àkọsílẹ̀ tó mọ́ tó ṣeé fi hàn ni ohun ìní tí dírẹ́bà tálákà lè fi ìwà rà láì ná kọ́bọ̀. Òun ló lè fi wáṣẹ́, òun ló lè fi gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀.

Àwọn kẹta ni mo bẹ̀rù jù, nítorí wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. "Nàìjíríà ni o! Ta ló fẹ́ fún ẹ ní àkọsílẹ̀?" Mo mọ̀ wọ́n, mo ti wà lára wọn. Mo lọ sí ọ́fíìsì kan lóṣù tó kọjá, mo ní mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n kọ sórúkọ mi. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ta ló rán ẹ wá? Ṣé o níṣòro ni?" Mo ní rárá o, ọ̀gá, ìwé mi ni mo fẹ́ rí. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ kó wá wo mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa lọ kàwé mi. Ẹ̀rín yẹn kò bà mí nínú jẹ́. Ó fi hàn mí pé wọn kò bá ẹni tó ń béèrè pàdé rí ni. Bí ó bá jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ igba ló ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi ńkọ́?

Òfin wà lọ́wọ́ wa

Àwọn tó rò pé ojú àánú ni a fẹ́ fi gbà á kò tíì ka òfin. Àwọn òfin méjì ló wà, ẹ má ṣe da iṣẹ́ wọn pọ̀.

Èkíní ni òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni, Nigeria Data Protection Act, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Abala 34 rẹ̀ fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ilé-iṣẹ́ tó bá kó ìsọfúnni rẹ jọ bóyá ohun tó jẹ mọ́ ọ wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì fún ọ ní ẹ̀dà rẹ̀ láì fi falẹ̀ lọ́nà tí kò bọ́gbọ́n mu. Bí ohun tí wọ́n kọ kò bá tọ̀nà, o lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n tún un ṣe. Èyí ni òfin tí wàá fi béèrè ìwé tìrẹ. Kọ lẹ́tà ṣókí: orúkọ rẹ, nọ́ńbà láísẹ́ǹsì rẹ, ohun tí o fẹ́. Irú láísẹ́ǹsì tí wọ́n kọ fún ọ, ọjọ́ tí wọ́n fún ọ, ẹ̀ṣẹ̀ tó wà lórúkọ rẹ, pọ́ìntì tó wà níbẹ̀. Tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà, kí o sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn gbà á. Bí wọ́n bá kọ etí ikún, àjọ tó ń mójú tó òfin náà wà láti gbọ́ ẹ̀sùn.

Èkejì ni òfin òmìnira ìsọfúnni, Freedom of Information Act, ti ọdún 2011. Eléyìí kì í ṣe fún ìwé ẹlòmíràn, nítorí òfin náà dáàbò bo ọ̀rọ̀ àdáni ọmọnìkejì. Ó wà fún iye. Láísẹ́ǹsì mélòó ni wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́dún tó kọjá? Ìwé ẹ̀sùn mélòó ni wọ́n kọ láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́? Èèyàn mélòó ló kùnà nínú ìdánwò ìwakọ̀? Bí ìdáhùn sí ìkẹyìn bá jẹ́ òdo, gbogbo wa mọ ohun tó túmọ̀ sí. Wọn kò gbọ́dọ̀ bi ọ́ ní ìdí tí o fi ń béèrè, ọjọ́ 7 sì ni òfin fún wọn láti dáhùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé òfin yìí de ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Àwáwí ti tán.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín

Ẹni tó bá ti gba láísẹ́ǹsì bíi tèmi, ẹ jẹ́ ká lọ kọ́ ọkọ̀ gidi. Mo ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ń tì mí láti jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún 18, ṣùgbọ́n mo ti mọ bí a ṣe ń fi ọkọ̀ sẹ́yìn.

Ẹ wo lẹ́tà tó wà lórí láísẹ́ǹsì yín. A ni ti ọ̀kadà. B ni ti ọkọ̀ ara ẹni tí kò tó tọ́ọ̀nù 3, kò sì sí takisí nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Máíkírà pawó lọ́sẹ̀ kí owó ilé-ìwé lè pé, B kò tó yín o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ọ̀kadà gbé èrò ní Under G láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ sí kíláàsì, ẹ gba A.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn. Báńkì tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń san owó ìtanràn FRSC. Kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Á dùn yín. Ẹ jẹ́ kó dùn yín. Ìrora yẹn ni ìrántí.

Ẹ̀yin aṣíwájú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tẹ́ ẹ bá ń háyà ọkọ̀ fún ìrìn àjò ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yín, iye owó nìkan lẹ máa ń ná. Láti òní lọ, ẹ ní kí dírẹ́bà mú láísẹ́ǹsì rẹ̀ wá, kí ẹ wo lẹ́tà tó wà lórí rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ sì gba àkọsílẹ̀ rẹ̀ wá. Dírẹ́bà tó bá kọ̀, ẹ má fún un ní èèyàn àádọ́ta kó. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin nínú yín, ẹ bá wa kọ àpẹẹrẹ lẹ́tà méjèèjì kí ọmọ ọdún kìíní lè kàn fi orúkọ rẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi, ẹ̀yin tó ń wọkọ̀ bíi tèmi. Mi ò ní kí ẹ bá aláṣọ ìjọba jà. Mi ò ní kí ẹ bú dírẹ́bà. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tí ọkọ̀ bá dúró, tí ọwọ́ bá ń jáde lójú fèrèsé, tí ẹnì kan lẹ́yìn bá pariwo pé "ẹ bá wa fún wọn", ẹ má gbè é. Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́. A ó dúró." Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ọmọ kíláàsì wa tí mo sọ, ì bá ti jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ní oṣù yìí. Mo fi lẹ́tà tèmi ránṣẹ́ ní Túsìdeé. Mò ń ka ọjọ́.